Àléébù Tí A Rí Tí A Kò Kọ Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré

Bí ọkọ̀ òfurufú kékeré kan bá já lulẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé àkókò àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ló tó, tàbí pé ayé ló ṣe wọ́n. Àwọn kan a ní ọkọ̀ náà ti gbó jù. Àwọn mìíràn a ní ojú ọjọ́ ló burú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, a ó ti sin òkú, a ó ti nu omijé nù, ọ̀rọ̀ a sì di ìgbàgbé. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iṣẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ ka ohun tí àwọn olùwádìí kọ lórí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni yóò máa bá pàdé lemọ́lemọ́: ohun tí ó pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹnìkan ti rí i. Ẹni náà kò kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kò parí iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, tàbí kò ní ìgboyà láti sọ pé kí ọkọ̀ náà má gbéra.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan mẹ̀kúnnù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú kékeré, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń wọ̀. Èsì wa ni pé ó kàn wá gidigidi. Láti ìgbà ìbò ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group fi hẹlikọ́pítà káàkiri Ìhà Àríwá láti bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ẹsẹ̀ tí àwọn aṣáájú wa fi ń rìn nígbà ìpolongo. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2019, hẹlikọ́pítà tí ó gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ẹni tí í ṣe Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, já lulẹ̀ ní Kabba. Ọlọ́run ló yọ gbogbo wọn. Irú ọkọ̀ yìí náà ni a fi ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, òun ni a fi ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa epo lórí òkun. Ó sì ń fò kọjá lórí òrùlé àwọn tí kò san kọ́bọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2020, hẹlikọ́pítà kan já sí àárín ilé ní Òpebí, Ìkẹjà. Àwọn mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọkọ̀ òfurufú kékeré mìíràn já sí òpópónà Ọba Akran, ní Ìkẹjà kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ta àkàrà létí títì pàápàá ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọkọ̀ òfurufú kò dà bí ọkọ̀ akérò. Bí ọkọ̀ akérò bá dákú lójú ọ̀nà, awakọ̀ a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ṣí bónẹ́ẹ̀tì, a bu omi sí i, àwọn èrò a sì máa bú u. Òfurufú kò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfurufú fi ṣètò rẹ̀ pé kí a máa ka ọjọ́ orí ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà lára rẹ̀: iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, iye ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra tí ó sì ti balẹ̀, iye oṣù tí rọ́bà àti okùn irin ti lò. A kì í dúró kí nǹkan bàjẹ́ kí a tó yọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé ọkọ̀ kékeré tí a fi ń gba owó gbé èrò gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò pátápátá lọ́dọọdún, kí a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti fò fún wákàtí 100. Ní òwúrọ̀, kí ó tó gbéra, awakọ̀ a fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ife kékeré, a gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, a wò ó bóyá omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Omi wúwo ju epo lọ. Ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Bí ó bá sì dé inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì a kú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ̀mí gbogbo èrò sì wà nínú ife náà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìwé wà. Ohunkóhun tí awakọ̀ bá rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní láti kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ náà. Ohunkóhun tí ẹnjiníà bá ṣe sí i, ó ní láti kọ ọ́ kí ó sì bu ọwọ́ lù ú. Bí iṣẹ́ náà bá kan ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí òun náà bu ọwọ́ lù ú. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ohun tí rẹ́jísítà jẹ́ nínú kíláàsì ni ìwé yìí jẹ́ fún ọkọ̀ òfurufú. Bí ọmọ kan kò bá wá sí ilé ìwé, tí ẹ kò sì fi àmì sí i, ọmọ náà wà ní ilé ìwé lójú gbogbo ayé, ibi yòówù kí ó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àléébù tí a kò kọ: lójú gbogbo ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ náà ní ọ̀la, kò sí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991. Ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Embraer 120, èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Brazil, tí ó lè gba èrò 30, ń bọ̀ láti ìlú Laredo sí Houston. Kí ó tó balẹ̀, ó fọ́ lójú òfurufú. Ènìyàn 14 ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò là á já. Kí ló fà á? Ní òru tí ó ṣáájú, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rọ́bà tí ń gbọn yìnyín dànù létí ìyẹ́ ìrù ọkọ̀ náà. Ẹnìkan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tú síkúrù apá òkè, ní ọ̀tún àti ní òsì. Àkókò wọn pé, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ òru. Àwọn yìí parí apá ọ̀tún. Wọn kò fọwọ́ kan apá òsì, nítorí kò sí àkọsílẹ̀ tí ó sọ fún wọn pé a ti tú ohunkóhun níbẹ̀. Síkúrù 47 ni kò sí lójú ihò wọn nígbà tí ọkọ̀ náà gbéra ní òwúrọ̀. Ìrù rẹ̀ ga. Ẹni tí ó dúró nílẹ̀ kò lè rí òkè rẹ̀.

Kò sí ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tí ó jí síkúrù gbé. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé, pé a ti tú apá òsì, ìbá ti gba ènìyàn 14 là. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà, Ọ̀mọ̀wé John Lauber, kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní kò tọ́ kí a dá ẹ̀bi dúró lórí àwọn tí ó mú irinṣẹ́ lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò fi àṣà títẹ̀lé ìlànà lélẹ̀. Àwa fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Bí ewé bá rọ, gbòǹgbò ni àgbẹ̀ ń lọ wò.

Ọ̀ràn kejì ṣẹlẹ̀ ní ìlú Charlotte, ní North Carolina, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2003. Ọkọ̀ Beechcraft kan tí ó gbé èrò 19 àti awakọ̀ méjì gbéra. Imú rẹ̀ ń ròkè, àwọn awakọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kò sì gbọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi já. Gbogbo ènìyàn 21 kú. Ní bí òru méjì ṣáájú, mẹkáníìkì kan tún okùn irin tí ń darí ìrù ọkọ̀ náà ṣe. Kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lára irú ọkọ̀ yẹn. Ìwé ìlànà wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fo àwọn ìgbésẹ̀ kan, títí kan àyẹ̀wò ìkẹyìn tí ìbá fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án. Ẹni tí ó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà ni ó gbà pé kí ó fò wọ́n. Ẹni kan náà ni ó tún yẹ iṣẹ́ náà wò tí ó sì bu ọwọ́ lù ú. Ẹ̀yin olùkọ́, ta ni nínú yín tí yóò gbà pé kí ẹni tí ó jókòó ti ọmọ nínú ìdánwò tún jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí yóò máàkì ìwé rẹ̀?

Ọkọ̀ náà ti fò ní ìgbà mélòó kan lẹ́yìn àtúnṣe burúkú yìí láìsí ewu, nítorí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Ọjọ́ tí ìdí rẹ̀ wúwo ju bí ó ti yẹ lọ ni àléébù náà jí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí tàn wá mọ́ pé ọkọ̀ òun lọ ní àná ó sì bọ̀ láyọ̀. Àná kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún ọ̀la.

Ọ̀ràn kẹta ni ti ọkọ̀ òfurufú orí omi kan tí ó gbéra ní Miami ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2005, tí ó ń lọ sí erékùṣù Bimini. Apá ọ̀tún rẹ̀ já bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ènìyàn 20 kú. Ọdún 1947 ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ yóò yára sọ pé ogbó ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn olùwádìí rí. Inú apá ọkọ̀ ni táǹkì epo rẹ̀ wà, táǹkì náà sì ti ń jò tipẹ́. Wọ́n a lẹ̀ ẹ́, a tún jò. Wọ́n a tún lẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Jíjò epo yẹn ni ọ̀nà tí apá náà fi ń ké pé irin inú òun ti sán, pé sísán náà sì ń gùn sí i lójoojúmọ́. Ogbó nìkan kò pa ọkọ̀. Ọkọ̀ àgbà tí a ń béèrè ìdí àìsàn rẹ̀ lè pẹ́ láyé ju ọkọ̀ tuntun tí a ń fi gọ́ọ̀mù tàn.

Ọ̀ràn kẹrin ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ jù, nítorí bọ́ọ̀lù. Emiliano Sala, ọmọ Argentina, ni ẹgbẹ́ Cardiff ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ Nantes ní mílíọ̀nù 15 pọ́ùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2019, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan tí ó ń gbé e lọ já sínú òkun láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé èéfín olóró carbon monoxide ti kún ún dé ìwọ̀n 58 nínú 100. Àwọn olùwádìí gbà pé ibi tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde ni ó ṣeé ṣe kí ó ti bàjẹ́, tí èéfín fi wọ inú ọkọ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó ti mú awakọ̀ náà. Bí sàlẹ́ńsà mọ́tò bá lu nílẹ̀ yìí, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ariwo rẹ̀. Èéfín yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun ni ó fi ń gbé ènìyàn lọ. Ẹ̀rọ kékeré wà tí í kìlọ̀ bí ó bá wọlé. Kò sí èyí tí ó lè pariwo nínú ọkọ̀ náà. Awakọ̀ náà kò ní ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ lóru, kò sì ní àṣẹ láti gba owó gbé èrò. Ẹni tí ó ṣètò ìrìn àjò náà lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ní ọdún 2021. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ tí kò sí lábẹ́ òfin, òun fúnra rẹ̀ ló yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ ojú àwọn tí ìbá ṣọ́ ọ.

Nílé tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ Embraer 120, irú èyí tí a sọ ìtàn rẹ̀ ní Texas, gbéra ní Ìkẹjà pẹ̀lú òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgàgú, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan rí, àti àwọn tí ó ń sìn ín lọ sí Àkúrẹ́. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó gbéra tí ó fi já, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì kú. Ẹni tí ó ń lọ sin òkú di òkú. Àjọ ìwádìí wa gbọ́ ohun tí àpótí ọkọ̀ náà gbà sílẹ̀: nígbà tí ó ṣì ń sáré lórí ilẹ̀, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé a kò tíì tò ó bí ó ti yẹ láti gbéra, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀tún kò sì ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Wọ́n gbọ́, wọn kò dúró. Àjọ náà fi kún un pé àmójútó tí ìjọba ń ṣe lórí ilé iṣẹ́ náà kò tó.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2024, hẹlikọ́pítà kan já ní aṣálẹ̀ California. Ó pa Herbert Wigwe, aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, ó pa Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, ẹni tí ó ti jẹ́ alága ilé pàṣípààrọ̀ ìdókòwò ilẹ̀ wa, ó sì pa awakọ̀ méjì. Kì í ṣe pé irin kan já nínú ọkọ̀ yìí. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà ní awakọ̀ ló wọ inú ojú ọjọ́ burúkú ní òru. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pẹ̀lú pé ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán wọn bí ilẹ̀ ti jìnnà sí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́, pé wọ́n mọ̀ kí ó tó gbéra, àti pé ilé iṣẹ́ náà kò mójú tó kíkọ irú àléébù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nínú òkùnkùn aṣálẹ̀, níbi tí kò sí iná kan nílẹ̀, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ojú awakọ̀.

A mọ ohun tí àwọn onílé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yóò sọ. Wọn yóò ní dọ́là wọ́n, pé òkè òkun ni ohun ìpààrọ̀ gbogbo ti ń wá, pé ó ń pẹ́ ní ibodè. Òótọ́ ni, a kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kan nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí tí a ti gbọ́ pé àìsí dọ́là ni kò jẹ́ kí a kọ gbólóhùn kan sínú ìwé. Ẹni tí kò bá lówó láti tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ní ẹ̀tọ́ láti gbé e sílẹ̀ di ìgbà tí yóò lówó. Kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ dí ihò síkúrù.

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, àjọ NCAA tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ máa ka ìwé àwọn ọkọ̀ kékeré bí ó ti ń ka ti àwọn ńlá, kí wọ́n sì máa dé láìrán iṣẹ́ síwájú. Ní ọdún 2024 wọ́n dá ìwé àṣẹ àwọn kan dúró tí ó ń fi ọkọ̀ àdáni gba owó gbé èrò. A yìn wọ́n. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Èkejì, kí a dáàbò bo ẹnjiníà tí ó bá sọ pé ọkọ̀ kò ní gbéra. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ìwé àléébù yóò mọ́ tónítóní, àwọn òkú yóò sì máa pọ̀ sí i. Kí wọ́n san owó rẹ̀ ní àkókò, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó sùn. Ẹni tí oorun ń kùn kì í ka síkúrù pé.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Nígbà ìbò, ẹ̀yin ni ẹ ń dá owó tí a fi ń háyà ọkọ̀ fún àwọn aṣáájú. Kí akápò tó san owó, kí ó béèrè: Ṣé ọkọ̀ yìí ní àṣẹ láti gba owó gbé èrò? Ìgbà wo ni a yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Àléébù wo ló wà nínú ìwé rẹ̀ tí a kò tíì tún ṣe? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kán awakọ̀ lójú pé èrò ti kún pápá ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí èrò dúró. Ẹgbẹ́ tí aṣáájú rẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé ìpàdé yóò tọrọ àforíjì. Ẹgbẹ́ tí aṣáájú rẹ̀ kò dé mọ́, ta ni yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ta ni?

Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ẹ̀yin olùkọ́, òun ni ó sì jinlẹ̀ jù. Láti kíláàsì ni a ti ń kọ́ bí a ti í bu ọwọ́ lu ohun tí a kò ṣe. Ọmọ tí ó rí i pé olùkọ́ òun fi àmì wíwà nílé ìwé sí orúkọ ẹni tí kò wá, ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé. Ọmọ tí a nà nítorí pé ó jẹ́wọ́ pé òun kò parí iṣẹ́ òun, yóò mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn pé irọ́ ni ó dẹrùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò dúró lórí àkàbà lọ́jọ́ kan, ní òru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù ọkọ̀ òfurufú, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì wò ó. Ohun tí yóò kọ ní wákàtí yẹn, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ọ lónìí.